Ọ̀fun Àgékù

"Bàbá Gbénga, ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀."

Ọlọ́runnísọ̀lá kò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ti ṣọ́bìrì bọ inú amọ̀ pupa, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó sì da ohun tó bù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kòtò tó ń gbẹ́ ti dábùú ọ̀nà láti etí kan dé àárín, ó sì ti jìn dé orúnkún. Oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí àwọn igi ọ̀pẹ, síbẹ̀ òógùn ti mú kí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀."

"Mo gbọ́ ẹ."

"Tí ẹ bá gbọ́, kí lẹ tún ń gbẹ́?"

"Ọ̀fun ni mò ń là."

Ọ̀kadà kan ti dúró ní òdìkejì kòtò náà. Suhaib ni, ọmọkùnrin tó máa ń gbé àwọn ará abúlé lọ sí Òdìgbò. Ó di àpò gàrí méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ káàárọ̀ mà. Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Ibo ni a máa gbà lọ́la?"

"Ibi tí àwọn bàbá wa ń gbà."

"Inú omi, Bàbá?"

Ọlọ́runnísọ̀lá tún gbé ṣọ́bìrì sókè. Olúfúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì wọ inú kòtò. Ó dúró sí ibi tí ṣọ́bìrì máa balẹ̀ sí gan-an.

"Tí ẹ bá máa gbẹ́ ẹ, ẹ gba orí ẹsẹ̀ mi gbẹ́ ẹ."

Ọkọ rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí Suhaib gbọ́. "Àgékù ń kú lọ, Ìyá Gbénga."

"Jésùtọ́pẹ́ ti kú ní tirẹ̀."

Ṣọ́bìrì náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Suhaib yí ojú sí igbó. Ọlọ́runnísọ̀lá jáde nínú kòtò, ó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ láì bojú wẹ̀yìn. Olúfúnmilọ́lá àti Suhaib ni wọ́n jọ dá amọ̀ náà padà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ títí ọ̀kadà fi lè kọjá.

Ọdún mẹ́fà ni ẹnikẹ́ni kò ti pe orúkọ yẹn láàárín tọkọtaya náà. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin wà láyé, Ìyá Jésùtọ́pẹ́ àti Bàbá Jésùtọ́pẹ́ ni gbogbo Ìdí-Àgékù mọ̀ wọ́n sí. Lẹ́yìn tó kú, kò sí ẹni tó pe ìpàdé lé e lórí, àwọn èèyàn kàn rọra bọ́ sórí orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kí wọ́n má baà máa tẹ ojú egbò. Bí wọ́n ṣe di Ìyá Gbénga àti Bàbá Gbénga nìyẹn. Olúfúnmilọ́lá mọ̀ pé àánú ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n tún ń sin ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Abúlé ilé mọ́kànlá ni Ìdí-Àgékù, láàárín Òdìgbò àti Omífunfun. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, ló fún un lórúkọ. Bàbá tó bí Ọlọ́runnísọ̀lá máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé odò ńlá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láyé baba tiẹ̀, ibẹ̀ ni odò máa ń yí gbà kó tó kọjá sísàlẹ̀. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ ju bó ṣe ń rọ̀ lọ, agbára omi já ọrùn ilẹ̀ tó wà láàárín ìtẹ̀kọdọrọ náà, odò sì gba ibẹ̀ lọ tààrà bí ẹni tó rí àbùjá. Kò padà sí ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Yanrìn dí orí àti ìdí ọ̀nà náà, ó wá ku àárín rẹ̀ tí odò gé jù sílẹ̀, omi tí kò ṣàn, tí kò sì gbẹ. Òun ni wọ́n ń pè ní Àgékù.

Ṣùgbọ́n odò kò kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ojú omi tóóró kan ṣì so wọ́n pọ̀, Ọ̀fun ni wọ́n ń pè é, torí pé ibẹ̀ ni Àgékù ti ń mumi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọ̀fun á gbẹ, èèyàn á fi ẹsẹ̀ gbígbẹ rìn ín kọjá. Tó bá di oṣù keje sí oṣù kẹwàá, odò á kún, á gba Ọ̀fun wọlé, á fọ ìdọ̀tí ọdún tó kọjá dànù, á sì kó ẹja tí ẹyin kún inú wọn wọlé. Inú Àgékù tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n máa ń yé sí, lábẹ́ òṣíbàtà, níbi tí ìṣàn omi kò ti ní gbé ọmọ wọn lọ. Tí omi bá ń fà, àwọn kan á bá a padà sódò, àwọn kan á kù sílẹ̀ fún ìgèrè tí Ọlọ́runnísọ̀lá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ọkọ á kó epìyà àti àrọ̀ wálé, ìyàwó á yan wọ́n lórí iná, Hafeezah oníṣòwò ẹja á sì wá láti Òrè wá kó wọn. Ẹja Àgékù ló rán Jésùtọ́pẹ́ àti Gbénga níwèé.

Ohun kan ṣoṣo tó burú níbẹ̀ ni pé Ọ̀fun dábùú ọ̀nà tó jáde sí Òdìgbò. Bí omi bá ti wọlé, àfi kí èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá.

Oṣù kẹsàn-án ni Jésùtọ́pẹ́ wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀sán ni ìrọbí mú un. Nígbà tí agbẹ̀bí ilé àdúrà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ jù, ó ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá rẹ̀ gbé e wọ inú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tukọ̀. Omi le lọ́jọ́ náà, ó gbé ọkọ̀ yà kúrò lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi kọjá tán, tí wọ́n máa fi rí ọ̀kadà, tí ọ̀kadà máa fi jáde nínú ẹrẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọn kò dé Òdìgbò. Wọn kò gbóhùn ìyá, wọn kò gbóhùn ọmọ.

Olúfúnmilọ́lá kò jókòó ti ọ̀fọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ọ̀nà ló ń wá. Ọ̀gá kan tó ń gbé ní ìlú òkèèrè ló ní oko ọ̀pẹ ńlá tó wà lẹ́yìn abúlé wọn, ó sì ń wá ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa gbà kó ẹyìn jáde. Olúfúnmilọ́lá lọ bá àwọn alábòójútó oko náà, ó kúnlẹ̀, ó tún lọ, ó tún kúnlẹ̀. Lọ́dún kẹta, katapílà kan àti típà mẹ́ta dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi da amọ̀ pupa sínú Ọ̀fun títí ó fi dí, wọ́n sì gbé ọ̀nà gba orí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa padà wá ri páìpù kọnkéré sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà. Wọn kò padà wá.

Lọ́dún kìíní tí Àgékù kò mumi, ẹja dín kù. Lọ́dún kejì, omi rẹ̀ dúdú bí omi aró, ẹyẹ tó máa ń wá ṣọdẹ létí rẹ̀ kò sì wá mọ́. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi. Lórí Àgékù, ó lékè débi pé ojú kò rí omi mọ́, ewé ló tẹ́ lọ bẹẹrẹ láti etí kan dé èkejì. Hafeezah wá lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹja yíyan kan sí imú, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé òmíràn.

"Ìyá Gbénga, ẹ má bínú sí mi. Àwọn oníbàárà mi ní ẹja yín ti ń ta òórùn ẹrẹ̀."

"Mo gbọ́, Hafeezah. Mi ò bínú."

Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dí kòtò náà padà, Beauty ìyàwó Gbénga gbé oúnjẹ síwájú bàbá ọkọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Oyún Beauty ti wọ oṣù kẹjọ. Gbénga ń wa bọ́ọ̀sì láti Òrè lọ sí Bẹ̀nìn, ó sì ti fi ìyàwó rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó lè rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Beauty wọlé tán, Olúfúnmilọ́lá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ ò rí ọmọ yìí ni? Ẹ ò rí inú rẹ̀? Òun náà lẹ fẹ́ gbé sínú ọkọ̀?"

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé?"

Ọlọ́runnísọ̀lá nawọ́ sí ìhà odò. "Odò ti kún dé ẹsẹ̀ ọ̀nà ní òdìkejì. Mo lọ wò ó láàárọ̀. Àwọn àrọ̀ wà níbẹ̀, Olúfúnmi, ẹyin kún inú wọn. Wọ́n ń fi orí gbá amọ̀ yẹn. Wọ́n á gbá a, wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á tún gbá a."

"Ẹ má fi ẹja wé ọmọ mi."

"Mi ò fi wé e."

"Ohun tí ẹ ṣe nìyẹn."

Ó dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ọkọ rẹ̀ ti lọ sí etí adágún, oúnjẹ náà sì ti tutù.

Ní Sátidé, Gbénga dé láti Òrè pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Sàádátù. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, ó sì ń la àwọn tó ń sin ẹja lọ́yẹ̀. Ọlọ́runnísọ̀lá ló ní kí Gbénga bá òun wá ẹni tó mọ nǹkan. Sàádátù bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú Ọlọ́runnísọ̀lá, ó ti ewé ojú oró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bu omi sínú ìgò. Ó tún ju okùn kan sísàlẹ̀, ó fà á sókè, ó gbóòórùn ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó padà sí èbúté, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹja ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Inú omi ni èémí wọn wà. Ewé yìí ti dí ojú omi, èyí tó bá kú nínú rẹ̀ ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ń jẹrà níbẹ̀. Ìjẹrà yẹn ló ń gba èémí mọ́ ẹja lọ́wọ́. Àrọ̀ lè yọ orí síta kó mí. Epìyà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ti kú?" Olúfúnmilọ́lá ló béèrè. Gbogbo wọn yíjú sí i, torí kò tíì sọ ohunkóhun láti àárọ̀.

"Kò tíì kú, mà. Ṣùgbọ́n tí omi odò kò bá wọ inú rẹ̀ lọ́dún yìí, mi ò rò pé ó máa rí ọdún tó ń bọ̀. Ó máa di àbàtà. Tó bá yá, ó máa di ilẹ̀, koríko á hù lórí rẹ̀, ẹni tó bá dé kò ní mọ̀ pé omi wà níbẹ̀ rí."

"Ìgbà wo ni odò máa fà?"

Ọlọ́runnísọ̀lá ló dá a lóhùn. "Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olúfúnmilọ́lá wo Beauty tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú síwájú. Ó kà á nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kù fún un. Ìrọbí kì í sì í wo kàlẹ́ńdà kó tó dé.

Nígbà tí Gbénga àti Sàádátù lọ tán, Ọlọ́runnísọ̀lá wá dúró níwájú ìyàwó rẹ̀. Kò jókòó. "Mi ò ní gbé ṣọ́bìrì mọ́ àfi tí o bá ní kí n gbé e. Ìwọ ni mò ń bi."

Olúfúnmilọ́lá mọ̀ pé bí òun bá wojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Ilẹ̀ ló wò. "Rárá," ló wí. "Mi ò lè ṣe é, Bàbá Gbénga. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣe é."

"Ó dáa," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó sì lọ.

Òjò kò rọ̀, oòrùn kò sì yọ, fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ojú ọ̀run ṣú dùdù, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, òórùn ló jí Olúfúnmilọ́lá. Ó jáde, ó sì rí Beauty tó ti dúró lẹ́yìnkùlé, tó fi ìbòrí rẹ̀ bo imú.

"Màmá, ẹ má lọ síbẹ̀."

Ó lọ. Àwọn ẹja ti léfòó láàárín ewé, wọ́n dojú ikùn funfun wọn kọ ọ̀run, epìyà ńlá, epìyà kékeré, àwọn tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, débi tí ojú lè rí i dé. Eṣinṣin ti bò wọ́n. Àwọn àrọ̀ díẹ̀ ṣì ń yọ ẹnu síta létí omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé.

Ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ láàárín wọn. Ó ń fi ọwọ́ kó ẹja òkú náà sínú ọkọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń gbé ohun tó lè fọ́. Kò sí ẹni tó máa jẹ wọ́n. Kò sí ibi tó ń kó wọn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀, Olúfúnmilọ́lá rí i pé ó ń sunkún.

Kò rí i kó sunkún rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Jésùtọ́pẹ́ padà wálé, kò sunkún. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n sin ín sí, tí wọn kò jẹ́ kí òun àti ìyá ọmọ náà tẹ̀ lé wọn, torí pé òbí kì í dé ibojì ọmọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń hun ìgèrè. Olúfúnmilọ́lá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ó ti di ìyẹn sínú fún ọdún mẹ́fà. Ó rò pé ọkùnrin náà kò ní ohun tó ń dùn ún.

Ó wọ inú omi dúdú náà dé itan, ó di etí ọkọ̀ mú.

"Bàbá Gbénga. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ó ń bẹ̀ mí," ni Ọlọ́runnísọ̀lá wí.

"Ta ni?"

"Jésùtọ́pẹ́. Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sọ pé, 'Bàbá, ẹ rọra, ọkọ̀ ń gbò mí.' Tí mo bá rọra, omi á gbé wa lọ. Tí mo bá yára, ó ń dùn ún. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Títí di òní yìí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe."

Olúfúnmilọ́lá kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, etí omi ló sáré gbà, tó ń ké sí òdìkejì pé kí wọ́n wá ọ̀kadà. Ọdún mẹ́fà ni kò ti bi í ní ohun tí ọmọ náà sọ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù ló bà á láti bi í.

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Ó wo ẹja tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Nígbà tí katapílà dé, mo bi awakọ̀ rẹ̀ níbi tí omi máa gbà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ dúró síwájú katapílà náà. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá dí Ọ̀fun, Àgékù ti tán. Mo wá wo ẹ̀yìn, mo rí ẹ lórí ìkúnlẹ̀ nínú amọ̀, o fi orí kan ilẹ̀, ò ń dúpẹ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ara rẹ balẹ̀. Mo bá panu mọ́."

Ó rọra dá ẹja náà padà sínú omi. "Èmi ni mo pa Àgékù, kì í ṣe ìwọ. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Olúfúnmilọ́lá gbé orí lé etí ọkọ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú omi, wọ́n sì sunkún ọmọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ sun ún.

Nígbà tó yá, Olúfúnmilọ́lá lọ sí ilé àdúrà, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àdúrà kankan kò wá sí i lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀ títí eékún fi ń ro ó, ó dìde, ó padà sílé, ó sì pe Gbénga lórí fóònù.

"Ṣé yàrá rẹ ní Òrè lè gba èèyàn méjì?"

"Ó lè gbà á, mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mò ń gbé ìyàwó rẹ bọ̀ lọ́la. Wá ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló máa bímọ sí."

Beauty sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni ní Òrè, pé Gbénga kì í sí nílé, pé ọ̀dọ̀ Màmá lòun fẹ́ bímọ sí. Olúfúnmilọ́lá di ẹrù rẹ̀ fún un, ó ká aṣọ ọmọ tuntun sínú báàgì, ó sì ń gbọ́ ọ.

"Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ mi wá bímọ sí," ló wí fún un níkẹyìn. Kò tíì sọ ọ́ fún Beauty rí. "Mo fẹ́ràn rẹ, ìyẹn ni mi ò fi fẹ́ kí o dúró. Hafeezah ń gbé nítòsí ibẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, á máa wá wò ọ́."

Suhaib gbé wọn dé Òdìgbò, wọ́n wọ mọ́tò dé Òrè. Nígbà tí Olúfúnmilọ́lá padà dé nírọ̀lẹ́, àwọn ará abúlé ti pé síwájú ilé àdúrà, òórùn ẹja òkú sì ti wọ ilé gbogbo wọn. Ó dúró láàárín wọn.

"Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà yìí," ló wí. "Gbogbo yín lẹ mọ ìdí tí mo fi bẹ̀bẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ pé mo fẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún wa kì í ṣe ọ̀nà nìkan. Wọ́n fún omi lọ́rùn pa. Mo fẹ́ kí a là á lọ́la, kí odò tó fà. Lẹ́ẹ̀rùn, a ó jọ lọ bá àwọn olóko ọ̀pẹ, a kò ní kúnlẹ̀, a ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi wá ri páìpù."

Ọkùnrin kan béèrè bí aláìsàn ṣe máa jáde. Òmíràn ní gàrí òun ńkọ́. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ìbéèrè òpònú, Olúfúnmilọ́lá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ọkọ̀ ojú omi," ló wí. "Ní gbogbo ọjọ́, láti àárọ̀ di alẹ́, ẹnì kan á wà níbẹ̀."

"Ta ni?"

"Èmi."

Suhaib ní ọ̀kadà òun á máa dúró ní òdìkejì.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi là á. Olúfúnmilọ́lá gbẹ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí amọ̀ tó gbẹ̀yìn já, omi odò kò ya wọlé bí wọ́n ṣe rò. Ó rọra yọ́ wọlé, ó pọ́n, ó gbé ewé àti ẹ̀ka igi lórí, ó wọ inú omi dúdú náà. Kò sí ẹni tó hó. Ọlọ́runnísọ̀lá tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi bọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, Olúfúnmilọ́lá ní kó kọ́ òun ní ìtukọ̀. Ọmọ Omífunfun ni, ilé àgbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò mú àjẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ọkọ̀ náà ń yí lójú kan lábẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jókòó sí iwájú, ó ń sọ fún un níbi tó máa tẹ̀ sí.

"Má bá omi jà. Jẹ́ kó gbé ọ díẹ̀, kí o tó fà á."

"Báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Rọra."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Olúfúnmilọ́lá di àjẹ̀ náà mú, ojú rẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ó fà á títí wọ́n fi dé òdìkejì.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti la Ọ̀fun ni Sàádátù padà wá. Ó tún bu omi sínú ìgò, ó ní ó ti dára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n béèrè ìgbà tí ẹja máa wọlé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo odò tó ti ń fà. "Wọ́n lè wọlé lọ́dún yìí. Ó sì lè di ọdún tó ń bọ̀, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e. Mi ò lè búra fún yín, mà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọlọ́runnísọ̀lá fa ìgèrè mẹ́rin tó dẹ sétí Ọ̀fun sókè, ó sì rí i pé òfìfo ni wọ́n. Ó tò wọ́n sórí koríko, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní èbúté.

"Wọn ò tíì wọlé."

"Wọ́n á wọlé."

"Bí wọn ò bá wọlé ńkọ́, Olúfúnmi?"

Ẹnì kan ń pè láti òdìkejì, obìnrin kan tó gbé agbọ̀n lórí, tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Olúfúnmilọ́lá dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ro ó, ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ gbé e.